Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà pe orúkọ mi létí odò

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Mowe, lásìkò tí wọ́n ń la títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ibì kan wà lẹ́yìn Ìbàfò níbi tí òkúta ti pọ̀ létí odò Ògùn. Ó jìn, kò sì sí ilé kankan nítòsí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, máa ń kó èmi àti Rísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, lọ síbẹ̀ láti fọ àwọn aṣọ ìbora tó wúwo. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ta ló mọ ẹ̀rọ ìfọṣọ nígbà náà? Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ aṣọ, títí ọṣẹ dúdú á fi máa hó láàárín ọmọ ìka wa.

Tí a bá sá aṣọ sórí òkúta tán, oúnjẹ yá. Ìrẹsì Ọ̀fadà inú ewé tó ti tutù ni, pẹ̀lú ata díndín àti ẹja gbígbẹ. Kí àwọn tó ń tà á lówó gọbọi lónìí má bínú sí mi o, n kò tíì rí irú rẹ̀ jẹ mọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "A kì í pe orúkọ èèyàn létí odò. Ohun tó wà nínú omi lè gbọ́ ọ, kó wá máa pè é." Àtẹ́wọ́ la fi ń pe ara wa. Lọ́dún kan tí mo ṣèèṣì pe Rísí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ lókè, títí aṣọ fi gbẹ. Aṣọ ìbora ni o, kì í ṣe áńkáṣíìfù!

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo fo òkúta dé òkúta lọ sí àárín odò, mò ń ṣa ìṣáwùrú. Oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ wa, a ò mọ̀ pé òjò ńlá ti rọ̀ lókè odò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún lẹ́yìn mi. Rísí rí i, ó pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ló ti ń pàtẹ́wọ́ tàn mí jẹ, n kò bojú wẹ̀yìn. Ó tún pa á. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń ṣa tèmi lọ.

"Mórẹ́nikẹ́! Mórẹ́nikẹ́ o! Sá bọ̀!"

Ìyá Àgbà ni. Jìnnìjìnnì bò mí, nítorí n kò gbọ́ orúkọ lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀ rí. Mo yíjú, mo rí omi, mo sá. Òkúta tó kẹ́yìn ti rì, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti wọ odò dé ìbàdí, ó ju etí aṣọ ìbora sí mi, ó sì fà mí jáde. Odò gbé ìṣáwùrú mi lọ, ó gbé aṣọ méjì lọ pẹ̀lú.

Kò nà mí. Ó jókòó sílẹ̀, ó kọjú sí odò, ó ní, "Èmi ni mo pè é o. Bó o bá máa mú ẹnìkan, èmi ni kó o mú. Má mú ọmọ mi."

Odidi oṣù mẹ́ta ni kò fi pe orúkọ mi mọ́. "Àlejò" ló ń pè mí, kí omi má baà bá Mórẹ́nikẹ́ kankan nílé wa bó bá wá bèèrè. Ẹran tó tọ́ sí àlejò náà ló sì ń bù fún mi, inú bí Rísí gan-an. Èmi ò kánjú gba orúkọ mi padà.

Lónìí, ilé ti kún gbogbo ọ̀nà yẹn, àwọn tó ń wa yanrìn sì ti gba etí odò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ lé àwọn ọmọ ọmọ mi lọ sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan ní Arepo. Wọ́n ń pariwo orúkọ ara wọn lórí omi, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́, inú mi sì dùn láti gbọ́ ọ. N kò mọ̀ bóyá omi ń gbọ́ orúkọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn títí ó fi kú, kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé yìí tó odò yẹn. Síbẹ̀, ó pè mí.