Kọ́míìkì Mọ́kànlélógójì Tí Ọwọ́ Kò Kàn

Ìwé àtijọ́ ni mò ń tà ní Gáréèjì Ìkòròdú, lẹ́yìn ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń kó èrò. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti tẹ́ tápólì mi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti ta ìwé àdúrà fún olè, mo ti ta ìwé ìṣirò fún ẹni tí kò lè ka ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ejò yọ orí jáde láàárín àwọn ìwé òfin tí mo rà lọ́wọ́ opó lọ́yà kan. Mo ní, "Padà sínú ilé, oníbàárà ń bọ̀." Ó padà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ejò náà.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàtà rẹ̀ funfun ju eyín rẹ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, irú ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ará Erékùṣù, tí ìka kan ṣoṣo ń kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Bàbá, ṣé ẹ ní kọ́míìkì àtijọ́?"

Mo ní ẹyọ kan. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ọmọ kan sì ti fi bírò ya irùngbọ̀n sí ojú obìnrin tó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà jáde, bí èyí tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀, ó fi ìka méjì gbé ìwé mi sókè bí ẹni gbé òkú eku.

"Èyí ò dáa, Bàbá."

"Kí ló ṣe é? Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé."

"Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ́ ni mò ń rà, sà."

Mo wò ó. Mo ti ń ta ìwé láti ìgbà tí orí mi dúdú, mi ò tíì rí ẹni tó sọ fún mi láìtijú pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ́ lòun ń rà. Mo fún un ní àpótí kó jókòó.

Ó mú kọ́míìkì tirẹ̀ jáde láti inú báàgì. Wọ́n fi rọ́bà líle kan tó mọ́ gaara sé e mọ́ inú, ó ń dán bí omi inú gílásì. Mo ní kó ṣí i kí n wò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. "Háà! Bàbá! A kì í ṣí i o!"

"Ìwọ alára, ṣé o ti kà á?"

"Rárá, sà."

"O sì fi owó rà á?"

"Owó ńlá, sà."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní àwọn ọmọdé ni wọ́n tẹ irú ìwé wọ̀nyí fún, lórí bébà yẹpẹrẹ. Ọmọdé á ká a sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, á fi itọ́ ṣí i, á yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá á gbà á á fi dáná, ẹlẹ́pà á fi pọ́n ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ ní títọ́jú. Nítorí náà, èyí tó bá la gbogbo ìyẹn já tí kò ní àpá kankan, ó ṣọ̀wọ́n bí ẹja tó gba inú àwọ̀n kọjá tí ìpẹ́ rẹ̀ kò bọ́. Gbogbo ẹni tó ní èyí tó ti gbó ló ń wá èyí tó tuntun, wọ́n á sì máa fi owó bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Bí etí ìwé bá ká níwọ̀n èékánná, owó jábọ́. Bí wọ́n bá kọ orúkọ sí i, owó jábọ́. Bí pín-ìnnì tó di ewé rẹ̀ mú láàárín bá dógùn-ún, owó jábọ́.

"Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù, Bàbá, ni kí ẹnìkan ní òun ń tún un ṣe. Gọ́ọ̀mù, sẹ́lótéèpù. Rọ́bà tí ẹ rí yìí, kò lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ bébà, ó ti pa á."

Mo mi orí bí alángbá. Ó yé mi dáadáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò yé mi. Ìyá mi ní àwo tánganran mẹ́fà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń tọ́jú de àlejò kan tí kò dé títí ó fi kú. A kò jẹun nínú wọn rí. Lọ́jọ́ tí a pín ẹrù, àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin já ara wọn ní irun nítorí àwo mẹ́fà yẹn. Abọ́ tó fi bọ́ gbogbo wa dàgbà, ajá ló ń jẹun nínú rẹ̀ báyìí. Ohun tí ọmọ aráyé ń sanwó fún nìyẹn: ohun tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní rí.

Mo ní, "Ọmọ mi, bí ẹnìkan bá ní mọ́kànlélógójì ńkọ́? Tí ọwọ́ kò kàn?"

Ó fò dìde kúrò lórí àpótí.

Ẹni tó ni ín wà ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ lọ sílé ẹ̀kọ́, àwọ̀n ẹja ló tà títí ó fi darúgbó. Ní ọjọ́ kẹta, mo wọ mọ́tò gba ọ̀nà Agbówà lọ bá a. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́ bí adìẹ tó ń wo àgbàdo, torí ojú òsì rẹ̀ ti lọ pátápátá, ti ọ̀tún sì ti kù bí ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní omi inú ojú ló ń tì í láti inú. Èyí tó ti lọ ti lọ. Èyí tó kù, bí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ó ṣeé gbà là. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, òkùnkùn ni. Ọ̀rẹ́ mi kò ní owó iṣẹ́ abẹ náà.

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá rẹ tó kú ni. Mo wá mú ọ."

"Ìwọ oníwèé! Òórùn ẹnu rẹ ti ṣáájú rẹ wọlé."

"A dúpẹ́ pé imú rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ ní ojú ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, kò rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ràn mi rí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ oníkọ́míìkì fún ọ̀rẹ́ mi. Ó dìde, ó fọwọ́ tá ògiri wọ yàrá, ó gbé àpótí kan jáde, òórùn káfúrà gba gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àpótí yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, bó bá ti dé, kọ́míìkì ló máa ń mú bọ̀. Gbogbo wa ọmọdé fẹ́ kú lórí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kì í yá ẹnikẹ́ni. Wàá lọ fọ ọwọ́, wàá ká ọwọ́ sẹ́yìn, òun á máa ṣí i fún ọ, á sì ti ṣí ojú ewé kejì kí o tó ka èkíní tán. Mi ò ka ìtàn kan tán rí nínú ìwé wọ̀nyẹn. Lọ́jọ́ kan, ó rí epo tó tó orí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọ̀kan, ó ní èmi ni. Ó fẹjọ́ mi sun tíṣà. Wọ́n nà mí lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ẹgba méjìlá. Bí mo bá ń sọ ọ́ lóde, mo máa ń ní ọgọ́rin, pé pàṣán mẹ́ta ló ṣẹ́ sí mi lára. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Kíláàsì márùn-ún ni mo wà. Òun kàwé tán.

Ọ̀rẹ́ mi gbé ọ̀kan sókè síwájú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìwé náà ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, báwo ni àwọn olówó yẹn ṣe ń tọ́jú tiwọn?"

"Inú rọ́bà ni," mo ní. "Mo fojú mi rí i. Rọ́bà tó mọ́ gaara."

"Rọ́bà? Bíi ti sáàtífíkéètì mi?" Ó nawọ́ sí ògiri. Sáàtífíkéètì rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú láminéètì. Rìsíìtì ilẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Fọ́tò òkú ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí àwa ará ibí bá ti fẹ́ràn, a ò lè ṣe kí a má gbé e lọ fún oníláminéètì. "Àbí kí n láminéètì wọn kí ó tó dé? Kí ó lè rí i pé mo mọ iyì wọn?"

Ibí yìí gan-an ló ti yẹ kí n la ẹnu sọ òótọ́. Mi ò là á. Mo ní, "Ìwọ lo sọ ọ́ o, èmi kọ́."

"Ọlọ́run ló rán ọ sí mi."

"Àmín," ni mo wí.

Ẹ ó ní ìkà ni mí. Ẹ ò purọ́.

Èmi fúnra mi ni mo gbé àpótí náà padà wá sí Ìkòròdú. Obìnrin oníláminéètì wà ní ìsọ̀ kejì sí tèmi ní Gáréèjì. Ó ní òun gbọ́dọ̀ tú pín-ìnnì kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ewé lè wọ ẹ̀rọ lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo ní kó tú u. Ó wò mí.

"Bàbá, bébà àtijọ́ rèé o. Tó bá ti wọ iná yìí, kò ṣeé yọ mọ́."

"Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Mo gbé àga tì í. Mo ń jẹ àgbàdo sísun, ẹ̀rọ náà ń gbé ewé mì láti apá kan, ó ń pọ̀ wọ́n jáde láti apá kejì, wọ́n ń ta yooyoo, wọ́n gan bí pátákó. Nígbà tí èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà mí kọjá, mo dìde dúró fún un, bí ẹni dúró fún òkú ọba. Mi ò gbádùn Iléyá kan tó ọjọ́ méjì yẹn rí.

Oníbàtà funfun fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ti wọ agbádá Jímọ̀, ọmọ rẹ̀ ti tẹ́ ẹní tuntun. Wọ́n ti lọ bá ilé ìwòsàn dá ọjọ́: ọ̀túnla. Ọkùnrin náà wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí àpótí.

Ó mú ewé kan, ó fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mú òmíràn. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ilẹ̀ lásán, kì í ṣe lórí ẹní.

"Ta... ta ló ṣe èyí?"

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín sí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. "Èmi ni, ọmọ mi! Ewé kọ̀ọ̀kan! Omi ò lè wọ̀ ọ́ mọ́, eku ò lè jẹ ẹ́ mọ́, títí ayé!"

Ọkùnrin náà gbójú sókè wò mí. Èmi ń wo ọmọńlé kan lára àjà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe irú èyí ni mò ń wá." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀rẹ́ mi, àyà kan ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì jáde. Mo tẹ̀lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ó ní, "Bàbá, mo sọ fún yín. Mo sọ ọ́ fún yín lẹ́nu ara mi."

"Àgbà ti dé, ọmọ mi. Mo gbàgbé."

Kò gbé mi padà. Mọ́tò èrò ni mo wá wọ̀ délé nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ tí mo padà wọlé, ọ̀rẹ́ mi ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò mọ ibi tí yóò lọ. "Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ lo ríran. Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Ojú jìbìtì," mo ní. "Ó fẹ́ rà á ní owó pọ́ọ́kú. Mo ní kó máa lọ."

"O ṣeun. O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi."

Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìpẹ́ ẹja. "Bàbá Ìkòròdú, kí ló dé tí ọkùnrin yẹn ń nu ojú nínú mọ́tò?"

"Èéfín ẹja rẹ ni."

Ọ̀túnla dé, ó kọjá. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ihò kọ́kọ́rọ́ náà ti dí.

Àwọn kan ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún un kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Jẹ́wọ́ kẹ̀? Ó ń di ọwọ́ mi mú báyìí bí mo bá lọ, ó ń sọ fún àlejò pé nínú gbogbo ọ̀rẹ́ òun, èmi nìkan ni kò sá. Èmi ni mò ń sọ fún un ẹni tó ń kí i àti ẹni tó kọjá láìkí i, nígbà mìíràn mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ wọn. Ìdí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀ ni pé kò lè kà á. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Òyìnbó nìkan ni ìyẹn ń kà.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó bi mí léèrè bóyá mo rò pé oníbàárà mìíràn ṣì lè yọjú. Mo ní kí ló dé tí kò ní yọjú? Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kó mọ́ tónítóní, mo ní, kí eruku má bà lé e. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ wá aṣọ kan fún òun, èyí tó rọ̀. Ó gbé àpótí náà sórí itan, ó fọwọ́ wá ewé èkíní, ó ń nù ún, ó fọwọ́ pa á wò, ó tún nù ún, ó wá mú èkejì.