Ìwé Adájọ́ Abẹ́ Apá Kàsímù

Lọ́dún tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, tí ọmọ èèyàn ń tò lórí ìlà nítorí ọṣẹ ìfọṣọ, bí ẹ bá dé gáréèjì Ore tí ẹ béèrè Púrófẹ́sọ̀, ọ̀dọ̀ Kàsímù ni wọn yóò júwe fún yín. Ẹ ó bá a lórí àpò sìmẹ́ǹtì tó tẹ́ sẹ́bàá títì, ìwé àlòkù yí i ká, awò ojú tí gíláàsì ẹ̀ fọ́ ku ẹyọ kan lórí imú rẹ̀. Kì í sáré tajà. Á mú ìwé kan, á sọ ìtàn inú rẹ̀ títí dé ibi tó dùn jù, á wá pa ẹnu dé.

"Ìyókù wà nínú ìwé."

Ẹni tó ń lọ Benin á rà á kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Púrófẹ́sọ̀ kò dá lẹ́tà kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Àwòrán ẹ̀yìn ìwé ló fi ń hun gbogbo ìtàn yẹn! Límátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nìkan ló mọ àṣírí náà, á sì máa rọra sọ fún un pé, "Bàbá Suhaib, ẹ tún ti dorí ìwé kodò."

Ìwé kan ṣoṣo, ìtàn adájọ́ kan, ni Kàsímù mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Tíṣà Adédoyin, ará Odigbo, tó rò pé awò tó fọ́ ni kò jẹ́ kó lè kàwé, ló kà á tó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tíṣà bàjẹ́ ní Ore. Ó ku ojú ewé díẹ̀ kí wọ́n parí ni mẹkáníìkì pariwo pé ọkọ̀ ti dára. Kí tíṣà tó lọ, ó ní, "Ẹ fi èyí pamọ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ilé ìtẹ̀wé ọ̀hún sì ti jóná." Tíṣà kọ lẹ́tà sí Bándélé ní Ìbàdàn, ẹni tó ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ. Bándélé fèsì pé òun ń bọ̀ wá rà á lọ́jọ́ Sátidé.

Ọjọ́bọ̀ ni sójà mẹ́rin já wọ gáréèjì. Kò gbọdọ̀ sí ọjà lẹ́bàá títì mọ́! Kí Kàsímù tó ká àpò rẹ̀, wọ́n ti wọ́ àwọn ìwé jọ bí ewé gbígbẹ, wọ́n ti da kẹrosíìnì lé wọn. Iná sọ. Ìwé adájọ́ nìkan ni Kàsímù rí mú, ó sì ti há a sábẹ́ apá nínú bùbá.

Sájẹ́ǹtì Zachariah, olórí wọn, rí i pé apá kan lára bàbá yìí kò ṣí.

"Gbé ọwọ́ méjèèjì sókè!"

Ìwé já bọ́. Àwòrán adájọ́ tí wọ́n tì mọ́ inú àgò ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Adájọ́ nínú àgò? Ìjọba lo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?" Sájẹ́ǹtì na ìwé náà sókè iná. "Kí ló wà nínú ẹ̀? Sọ ọ́ kíá."

Kàsímù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní láyé ọjọ́ iwájú, nígbà tí wọ́n á máa lọ sí òṣùpá bí ẹni ń lọ Omifunfun nítòsí yìí, kò ní sí ẹ̀wọ̀n mọ́. Ìyà tí adájọ́ bá dá fún èèyàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan. Wọ́n wá mú ọ̀daràn kan wá. Ìyà tirẹ̀ ni pé kí gbogbo ayé gbàgbé orúkọ rẹ̀. Adájọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyà náà, ó dúró. Bí aráyé bá gbàgbé òun lónìí, ta ni yóò mọ̀ lọ́la pé adájọ́ ni òun?

 Ọwọ́ sájẹ́ǹtì ti ń sọ̀ kalẹ̀ láìmọ̀, etí ìwé ti ń rú èéfín.

"Ó wá wọlé àbí kò wọlé?"

"Ìyókù wà nínú…" Ahọ́n ti yọ̀ kó tó rí i mú. Límátù ká ọwọ́ lérí.

"Èmi lò ń fi ṣeré?" Sájẹ́ǹtì ju ìwé náà lù ú láyà. "Kà á! Bí o kò bá kà á, iná ni."

Kàsímù ṣí i. Òógùn ń kán sórí ojú ewé. Ó gbé e súnmọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Bàbá Suhaib," Límátù sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, "ẹ ti dorí ẹ̀ kodò."

Ó bojú wo àwọn awakọ̀ àti oníbàárà tó ti ń pè é ní Púrófẹ́sọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó tún wo iná.

"Ọ̀gá, n ò mọ̀wé kà. N ò kà á rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún."

"Háà! Púrófẹ́sọ̀!" Àmínù awakọ̀ ló ké bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ lókùúta.

Sájẹ́ǹtì gba ìwé náà, ó yí i síbi tó tọ́, ó jókòó lórí táyà kan, ó sì ka ojú ewé tó kẹ́yìn láìgbé ohùn sókè. Iná ń jẹ àwọn ìwé yòókù lọ.  Nígbà tó ṣe, ó pa á dé, ó fi àtàńpàkò nu etí rẹ̀ tó ti dúdú.

"Ẹ gbà, bàbá."

"Adájọ́ ńkọ́, sà?"

Sájẹ́ǹtì ti ń gun ọkọ̀. "Ìyókù wà nínú ìwé," ó wí.

Bándélé dé lọ́jọ́ Sátidé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kàsímù ní òun kò tíì kà á tán. Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀! Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gun alùpùpù lọ sí Odigbo báyìí, lọ́dọ̀ Tíṣà Adédoyin, tòun ti síléètì lábẹ́ apá. Àmínù ti sọ orúkọ rẹ̀ di Púrófẹ́sọ̀ Kíláàsì Wáàn. Bó bá sì ti padà dé lálẹ́, Límátù á bu ọbẹ̀ fún un, á bi í pé, "Adájọ́ yẹn ńkọ́?"

Kàsímù á fi ìka tọ ìlà kan, á fi gíláàsì rẹ̀ kan ṣoṣo wò ó.

"Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà."