Omi Tútù Lórí Bíríkì Ìgò

Mo rántí bí páànù òrùlé ìyá mi ṣe máa ń dún tátátá ní Manigri bí oòrùn bá ti mú. Dókítà ní Bassila ti sọ pé ọkàn rẹ̀ kò lè fara da ooru mọ́, yàrá rẹ̀ sì gbóná bí ààrò. Abẹ́ igi kajú ló ń sá sí látàárọ̀ dalẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Bassila tó ń fi àfọ́kù ìgò ṣe bíríkì. A ó lọ ìgò kúnná, a ó po ìyẹ̀fun ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, a ó kó o sínú iná ìléru. Á yọ́, á wú bí àkàrà, inú rẹ̀ á kún fún ihò wínníwínní. Ó fúyẹ́, ooru kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá ní èyí tí a bá kọ́kọ́ ṣe, tèmi ni, kí n fi tẹ́ abẹ́ páànù ìyá mi. Ẹnu mi kò sinmi! Mo ní, "Màmá, ẹ ó máa da aṣọ bora lọ́sàn-án gangan." Ẹ wo aṣiwèrè.

Iṣẹ́ náà ní èèwọ̀ kan: bí iná bá kú, ìléru gbọ́dọ̀ tutù fúnra rẹ̀ kí a tó ṣí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ á fọ́.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lórí bíríkì tèmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láti Pénéssoulou lórí alùpùpù sémíjàn, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá. Ó ní iṣu tuntun kì í wọ ilé wa kí àgbà má ta omi sí i. Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ìléru, kí òun súre sí iṣẹ́ ọmọ òun. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ṣì gbóná."

"Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ṣé ìwọ lè rí i lórí ìdúró?"

Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní èèwọ̀ yìí! Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bí ẹ ti wí, Bàbá," ó sì ṣílẹ̀kùn. Bàbá da omi. Pàà! Pàà! Kò ṣẹ́ku ẹyọ kan. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Irọ́ gbuu! Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, òun gan-an ló tẹ orí ọmọ tó fi wọ́.

Kí a tó kó ìgò mìíràn jọ, ooru ti pa ìyá mi. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àmúwá Ọlọ́run wo?

Bíríkì ti wà lábẹ́ páànù yàrá náà báyìí. Bí Bàbá bá wá kí wa, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á ní ibẹ̀ tù ú lára ju gbogbo ilé lọ. Èmi náà á kúnlẹ̀, màá gbé omi fún un. Kí ó tó mu ún, á ta díẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Yàrá ìyá rẹ á tutù o."

Màá sì dáhùn pé àmín.