Ènì Tí Màámi Kì Í Dárúkọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí èèyàn lè dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìsọlọ̀ kó máa wo oko ẹ̀gẹ́ lọ títí dé ọ̀nà Òkè-Àfà, gàrí ni wọ́n fi tọ́ mi. Kì í ṣe jíjẹ nìkan ni mo ń sọ o. Bàámi ni wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ ọ̀hún, àwa ọmọ ń bó o, màámi ń rin ín, wọ́n ń fún un, wọ́n sì ń yan án nínú agbada. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ sílé ìwé, inú gàrí ló ti jáde. Sìlétì tí mo fi kọ́ ìwé, inú gàrí náà ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń rí mi tí mo bá ń ṣa gàrí tó dà sílẹ̀, ẹ yéé fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí mo ń ṣa.

Ọjà Ọ̀ṣọ́dì la ti ń tà á. Tí a bá ti kírun àsùbáà tán, a ó gbé e rù, a ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọlọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ìddó máa ń gbà kọjá. Ọjọ́ tí kò bá sí ilé ìwé, èmi náà máa ń tẹ̀ lé màámi. Ìyá Ìsọlọ̀ ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n, nítorí ibi tí a ti ń wá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí oníbàárà bá dé, wọ́n á kí i, wọ́n á bu gàrí sínú kọ́ńgò, wọ́n á máa rọ òmíràn lé e títí orí rẹ̀ á fi ṣe ṣóńṣó, tí gàrí á máa ṣàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá dà á sínú àpò oníbàárà, wọ́n á ní, "Ó ti kún." Ó parí náà nìyẹn. Oníbàárà á gbé àpò rẹ̀, á lọ.

Nígbà tó yá ni ìyá kan wá tẹ́ ọjà gàrí tirẹ̀ sí òdìkejì wa gan-an. Ó bí ìbejì, ọ̀kan á wà lẹ́yìn rẹ̀, èkejì á máa rá kiri lórí ẹní, Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa sì ń pè é. Ẹ má bínú pé mò ń pe àgbàlagbà ní "ó" dípò "wọ́n". Bí mo ṣe bínú sí i nígbà náà ló ṣì wà lẹ́nu mi yìí. Tó bá yá, mo máa tún un ṣe.

Ìyá Ìbejì lẹ́nu. Ó ti ń pe èèyàn láti ọ̀nà jíjìn kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun fẹ́ ra gàrí. Bó bá bu gàrí sínú kọ́ńgò, kì í rọ ọ́ lé. Ọwọ́ ló fi ń gbá a dọ́gba pẹ̀lú ẹnu kọ́ńgò, á dà á sínú àpò. Lẹ́yìn náà ni á wá tún ọwọ́ bọnú abọ́, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbé e sókè kí oníbàárà rí i dáadáa, á ní, "Gba ènì, ọkọ mi. Ènì tìẹ nìyí o." Tí obìnrin bá ni, á ní, "Gba ènì, ìyàwó mi." Mo máa ń wo ojú àwọn tó ń rà á. Bí ojú ọmọ tí wọ́n fún ní àkàrà ló máa ń rí.

Kò pẹ́ rárá tí ọjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn oníbàárà tó ti ń rà lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó bí mi pàápàá, wọ́n á kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á sọdá sí òdìkejì. Àpò gàrí tí a gbé lọ láàárọ̀ là ń gbé padà bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìgbà òjò sì ni, gàrí tó bá pẹ́ nínú àpò á gba omi sára, á máa bu. Ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò wa jẹ gàrí dáadáa lọ́dún yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń fọ agbada lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tí màámi ń sọ fún bàámi pé, "Bí ọjà ò bá yí padà kí Iléyá tó dé, ẹ jẹ́ ká mú ọmọ yìí lọ bá àbúrò yín obìnrin ní Ẹ̀pẹ́. Á máa bá a ta ẹja. Ó ṣáà máa rí oúnjẹ jẹ." Bàámi ò fèsì. Àwa ọmọ mọ̀ pé bí wọn ò bá fèsì, wọ́n ti gbà nìyẹn.

Àǹtí ti Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ wọn, kò sí èyí tó ń lọ sílé ìwé. Èmi sì fẹ́ràn ilé ìwé bí ẹni máa kú. Ìbẹ̀rù bò mí mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá jókòó sí kíláàsì lẹ́yìn ìgbà náà, ṣe ni mò ń wo pátákó bí ẹni tó ń dágbére fún un.

Bàbá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, oníbàárà wa ni wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń ti òdìkejì bọ̀, àpò gàrí wà lábíyá wọn. Màámi kò lè mú un mọ́ra mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Ojú ti bàbá náà. Wọ́n ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ mí o, Ìyá Ìsọlọ̀. Gàrí yín dára. Àmọ́ ẹ kì í fún èèyàn lénì."

"Ènì kẹ̀? Orí kọ́ńgò tó máa ń ṣe ṣóńṣó yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn ni mo rà," ni bàbá náà wí. "Ènì ni mo ní n ò rí gbà."

Màámi gbé àpò gàrí wa rù, a darí sílé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n lọ ra gàrí kọ́ńgò kan lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Mo rojú lọ ni. Ìyá Ìbejì wò mí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ Ìyá Ìsọlọ̀ nìyí?" Mo ní èmi ni, mà. Mo rò pé ó máa lé mi. Ẹ̀rín ló rín. Ó wọn kọ́ńgò, ó gbá a dọ́gba, ó bu ènì sí i. Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ míì, ó ní, "Èyí ni ti ìyá ẹ. Sọ pé mo kí wọn." Látọjọ́ náà ni mi ò ti lè pè wọ́n ní "ó" mọ́. Ẹ ò rí i? Mo ti tún un ṣe.

Nígbà tí a délé, màámi tẹ́ ẹní sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀kúnwọ́ kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti ìkíni, wọ́n sì kọ́kọ́ bu ìyẹn kúrò, nítorí wọn ò fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà ṣe ẹni tó ń gba oníbàárà wọn. Wọ́n da gàrí Ìyá Ìbejì sínú igbá kan. Wọ́n wọn tiwa sínú igbá kejì, pẹ̀lú ṣóńṣó rẹ̀ lórí, bí wọ́n ṣe máa ń wọ̀n ọ́n lọ́jà. Tiwa pọ̀ jù ú lọ. Kò pọ̀ jù ú lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó hàn. Màámi jókòó sórí ẹní, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀."

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ẹkún náà ṣe ń dá, màámi mú kọ́ńgò, wọ́n bù ú kún, wọ́n gbá a dọ́gba, wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì bu ìyókù lé e. Wọ́n ní láti ọ̀la lọ, bí àwọn á ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Bàámi ti oko dé, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀, wọ́n ti ń wo gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kì í ṣe eré lọ́wọ́ bàámi, wọ́n gbà pé Ọlọ́run máa bi olúkúlùkù nípa kọ́ńgò rẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí o ti ń fún wọn tẹ́lẹ̀ lo fẹ́ bù kúrò, kí o tún wá bù ú fún wọn padà, kí o sì gba ọpẹ́ lé e? Irọ́ nìyẹn."

Màámi ronú lórí rẹ̀. Wọn ò lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tó gbé kọ́ńgò lọ bá bàámi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ibo lẹnu kọ́ńgò yìí wà?"

Bàámi fi ìka kan ẹnu rẹ̀.

"Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n rà parí sí. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀, èmi ni mo fún wọn. Mo ti ń fún wọn tipẹ́, n ò kàn sọ ni. Ẹni tí a ò sọ fún, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé a ṣe òun lóore?"

Bàámi ti kọ́ńgò náà padà sọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kó má dín o. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kó ṣe wà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ènì, wúwo lẹ́nu màámi. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ tí a padà sọ́jà. Nígbà tí màámi ń gbá kọ́ńgò dọ́gba, wọ́n ń wò yíká bí ẹni tó ń jalè. Wọ́n da gàrí sínú àpò, wọ́n tún fi ọwọ́ méjèèjì bu òmíràn, wọ́n gbé e sókè. "Gba," ni wọ́n wí. "Gba ènì, ìyàwó mi."

Obìnrin náà gbójú sókè, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ọlọ́run á máa bù kún tiyín náà."

Màámi yíjú wò mí. Látọjọ́ tí ṣóńṣó ti ń gorí kọ́ńgò wa, kò sẹ́ni tó ṣàdúrà sí i rí.

Bí ọjà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í padà nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Bàbá rélùwéè padà. Iléyá dé, ó bá mi ní Ìsọlọ̀, mo sì ń lọ sílé ìwé mi. Ìyá Ìbejì náà ń tà. Wọ́n kàn pariwo láti òdìkejì lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Ìsọlọ̀, ẹ ti gba ènì mọ́ mi lẹ́nu!" Màámi, tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, dáhùn pé, "Ẹ wá òmíràn sọ, ọ̀rọ̀ ò lè tán lẹ́nu yín." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ṣùgbọ́n àwọn ará ọjà ti pa orúkọ màámi dà. Ìyá Gbènì ni wọ́n ń pè wọ́n títí wọ́n fi fi ọjà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bá wọn dé inú ilé. Lẹ́yìn tí mo lọ sílé ọkọ, bí mo bá wá kí wọn, wọ́n á ṣàdúrà fún mi, n ó dìde, n ó ti dé ojúlé, wọ́n á wá ké sí mi pé, "Padà wá gba ènì." Nígbà mìíràn, àdúrà kúkúrú kan ni. Nígbà mìíràn, ẹja gbígbẹ ni. Mo wá mọ̀ ọ́n lára débi pé mi ò kì í tètè wọ bàtà mi.

Lónìí, ilé ti bo oko bàámi. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ti dé, ó ti kó èèyàn wọ Ìsọlọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ìgbà àtijọ́ ló dára. Àwọn kan wà lọ́jà wa tó jẹ́ pé àtàǹpàkò wọn máa ń wà nínú kọ́ńgò tí wọ́n bá ń wọn nǹkan fún èèyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo ra gàrí inú ọ̀rá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé àfikún ọ̀fẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo wá ẹni tí n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n ò rí i. Ọmọ ọmọ mi kan ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, orí fóònù ló ti ń polówó. Ó ní, "Màmá àgbà, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ síbẹ̀ tí wọ́n á fi rà?" Mo sọ ìtàn yìí fún un. Ó ní, "Ṣé kí n kọ ènì síbẹ̀ nìyẹn?" Mo ní kó kọ ọ́, bó bá máa fún wọn.

Ọjọ́ tí mo rí màámi gbẹ̀yìn, orí ẹní ni wọ́n wà, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dìde, mo rọra rìn dé ojúlé. Mo dúró, mò ń retí kí wọ́n pè mí. Wọn ò pè mí. Èmi ni mo yí padà, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo ní, "Màámi, ènì mi ńkọ́?"

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti kún."