Ojóbó Tí Mo Gbé Lé Ti Àbúrò Mi

Ní gbogbo etí ọ̀sà Abidjan, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ so tó mi. N kò fọ́nnu, ẹ bi wọ́n wò. Ilé-ìwé kéréje ni mo lọ, n kò lè ka lẹ́tà kan tán kí oorun tó gbé mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá di ojú mi, tí ẹ fi okùn lé mi lọ́wọ́, mo máa sọ ọkọ̀ tó ni ín fún yín. Bàbá wa, tó ti Ṣakí wá ń ta aṣọ ní Abobo, fẹ́ kí n jókòó ti ìsọ̀. Omi ni mo sá lọ. Àwọn apẹja máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà: "Ìwọ ọmọ orí àpáta, ta ló fi ọ̀nà omi hàn ọ́?" Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Orí pọ́ntọ́n ni iṣẹ́ mi wà, afárá onípákó tó léfòó lórí omi, tí àwọn olówó ń so ọkọ̀ wọn mọ́. Ọkọ̀ ńlá ọ̀gá kan ni mo ń wà. Ibẹ̀ ní òfin tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. O kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láì kí i. O kò gbọdọ̀ ju okùn lu ènìyàn lójú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wàá jù ú sí. O kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, kí o fi ìkejì sórí pọ́ntọ́n, kí o wá máa dáhùn fóònù. Mo rí alákọ̀wé kan tó ṣe é. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún lọ ni itan rẹ̀ ń ya, ó sì ń sọ fún ẹni tó pè é pé "dúró ná, dúró ná," títí omi fi gbé e mì. Bẹ́líìtì rẹ̀ ni mo dì mú fà á jáde. Fóònù náà ṣì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin tó ga jù ni ti ojóbó, òrùka tí a ta sẹ́nu okùn láti fi kọ́ èèkàn. Ọkọ̀ méjì lè pín èèkàn irin kan. Bí o bá bá ojóbó okùn ẹlòmíràn lọ́rùn èèkàn, o kò gbọdọ̀ gbé tìrẹ lé e lórí. Ìsàlẹ̀ ni wàá ti ki tìrẹ bọ inú tirẹ̀, kí o tó fi kọ́ èèkàn. Nígbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹ́ lọ á yọ tirẹ̀ láì fọwọ́ kan ti ẹnì kejì. Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi. Ìyá kan náà ló bí wa. Okùn tó kọ́kọ́ so láyé, ọwọ́ mi ló wà lórí ọwọ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ ló fi wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kó tó ra tirẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan tó fẹ́ máa fi gbé àlejò wo ọ̀sà. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewéko. Èmi ni mo fi irin de okùn mọ́ imú rẹ̀, kó má baà já láéláé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ omi, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá láti Niangon, a jẹun nínú ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń ṣí ilé.

Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn ń fẹ́. Mo mú ọkọ̀ ọ̀gá mi wọlé, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá pọ́ntọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn mi gan-an ni àbúrò mi wọlé jẹ́jẹ́, bí ewé tó balẹ̀ sórí omi. Ọ̀gá mi sọ lójú àwọn àlejò rẹ̀ pé, "Lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ o. Ẹ má pẹ́." Eré ni. Gbogbo ìgbà la máa ń bá ara wa ṣe irú rẹ̀. Ti ọjọ́ náà kò kúrò nínú mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo dé, mo bá ojóbó rẹ̀ lọ́rùn èèkàn. Mo dúró, mo wò ó. Mo gbé tèmi lé e lórí, mo fà á kó le, mo sì lọ jẹ atíéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn níbẹ̀, pẹ̀lú ẹja lójú títì. Mo kàn fẹ́ kó wá bẹ̀ mí kó tó lè jáde ni.

Ìjì dé kí n tó fọ ọwọ́. Bí ìjì bá ń bọ̀, àwọn ọkọ̀ kékeré máa ń tètè sá lọ sí kọ̀rọ̀, kí àwọn ńlá má baà tẹ̀ wọ́n fọ́. Àbúrò mi sáré wá yọ okùn. Okùn mi ti nà le lórí tirẹ̀, atẹ́gùn ń fa ọkọ̀ ńlá yẹn. Ó lọ sí imú ọkọ̀, irin tí mo fi dè é kò tú. Ọ̀bẹ ló ń wá nígbà tí mo dé. Ọkọ̀ tí mo ń wà ń dìde, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ti ọmọ ìyá mi, títí tirẹ̀ fi ya sí méjì. A dúró nínú òjò, à ń wo àwọ̀ ewéko yẹn bó ṣe ń rì.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló gbé ojóbó yìí lé tèmi?"

"Èmi ni. Mo gbàgbé."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ kì í gbàgbé okùn?"

Gbogbo ohun tí mo ti fi fọ́nnu láti ogún ọdún ló dìde jẹ́rìí takò mí.

Ó ti padà sídìí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, lórí pọ́ntọ́n kan náà. A ò jà. Ìbá sàn ká jà. Bó bá rí mi láàárọ̀, Faransé ló fi ń kí mi: "Bonjour, monsieur," ẹ káàárọ̀, ọ̀gbẹ́ni. Èmi àti òun, tí a kì í sọ Faransé síra wa, àfi bí a bá ń sín ọlọ́pàá jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá a. N kì í bẹ ènìyàn, ẹ bi ìyàwó mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "N kò gbàgbé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìlara ni. Jẹ́ ká jọ wá ọkọ̀ mìíràn."

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "C'est pas grave, monsieur," pé kò burú, ọ̀gbẹ́ni. Ojóbó mi ti wà lọ́rùn èèkàn ṣáájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki tirẹ̀ bọ inú tèmi láti ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, kó má baà dí mi lọ́wọ́ nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ lọ.