Aunty Tó Ń Kó Erùpẹ̀ Ojú Ẹsẹ̀

Wọ́n ní Aunty Suwebat ń kó erùpẹ̀ ojú ẹsẹ̀ èèyàn ṣoògùn. Àwọn TP, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń rán wá kọ́ṣẹ́ tíṣà sí ilé-ìwé rẹ̀ ní Ìkòsì ní Kétu, ló ń sọ ọ́ kiri. Wọ́n ní ó máa ń gbá pápá láàárọ̀, á yẹ ojú ẹsẹ̀ wò lẹ́yìn kíláàsì, á wá ru erùpẹ̀ nínú àpò sìmẹ́ǹtì lọ sẹ́yìn ilé-ìwé. Ìdí nìyẹn, wọ́n ní, tí TP tó bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi í féèlì.

Aunty gbọ́, ó so okùn bàtà kánfáàsì rẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ ọmọ Kétu ní eré ìdárayá, tí híjáàbù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń sáré, kò ráyè àhesọ.

Lọ́dún yìí, TP kan tó ń jẹ́ Gbénró ló kàn án. Ó ti féèlì níbòmíràn lọ́dún tó kọjá. Súpáfáísọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀, bó bá sì tún féèlì, ó dìgbà fún iṣẹ́ tíṣà nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé ó kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Fèrè ń dún, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ṣe bẹbẹ.

Aunty kò jiyàn. Ó ti máa ń to àṣìṣe sílẹ̀ fún àwọn TP rí. Wọ́n á ní "yes ma", lọ́la wọ́n á tún ṣe àṣìṣe kan náà. Ó kàn ní kí Gbénró wá ka ojú ẹsẹ̀ tó wà lórí pápá tí òun gbá láàárọ̀.

"Bàtà ta ló kún gbogbo pápá yìí?"

"Tèmi ni, ma."

"Tàwọn ọmọ ńkọ́?"

Gbénró wá a títí. Ìlà méjì péré ló rí, níbi tí wọ́n tò sí tí wọ́n ń retí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ní ìdí ìlà kan, ọmọ kan ti fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya ilé olójú fèrèsé mẹ́ta.

"O kọ́ eléyìí títí ó fi di lánlọ́ọ̀dù," Aunty sọ.

Gbénró rẹ́rìn-ín, ó tún wo ilẹ̀. "Èmi ni mo ṣeré náà, ma. Wọ́n kàn wá wòran mi ni."

Ohun tí Aunty ń dúró dè láti àárọ̀ nìyẹn. Ó gbá a léjìká, ó ní kó lọ jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀, Gbénró pín àwọn ọmọ ní mẹ́fà-mẹ́fà, ó fi àkísà àti ọ̀rá ṣe bọ́ọ̀lù kún èyí tó wà, ó sì dúró sí etí pápá. Ìgbà tí wọ́n parí, ojú ẹsẹ̀ gun orí ara wọn bí ẹni pé agbo ewúrẹ́ kọjá níbẹ̀. Súpáfáísọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ó ti yege.

Inú Gbénró dùn débi tó fi gba àpò erùpẹ̀ lọ́wọ́ Aunty, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti gbọ́ àhesọ náà, ó tẹ̀lé e lọ sẹ́yìn ilé-ìwé. Kòtò tí àwọn ọmọ ń fò bọ́ sí nígbà eré fífò jìnnà ni wọ́n da erùpẹ̀ náà sí, nítorí òjò máa ń wọ́ iyanrìn ibẹ̀ wá sórí pápá, òun ni Aunty ń gbá padà síbẹ̀.