Ilẹ̀kùn Tí Ìbàdí Mi Rà

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni káfíńtà kan ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ń ta ilẹ̀kùn àlòkù nígbà náà, èyí tí ikán ti tọ́ wò létí. Mo ra ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ n kò ní ilé tí mo fẹ́ fi í sí. Ìbàdí mi ló rán mi níṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ òórùn aṣọ òkìríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìdì rẹ̀, kàfúrà àti eruku ọ̀nà jíjìn. Ogún ọdún ni òórùn yẹn ti ń bọ́ mi lẹ́bàá ọ̀nà ní Fẹ́sítákì. Orí tápólì nílẹ̀ ni mò ń tẹ́ ẹ sí. Oníbàárà á bẹ̀rẹ̀, á máa tú u, èmi náà á bẹ̀rẹ̀, n ó máa ká a. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró, ẹsẹ̀ mi méjèèjì nà gan-an bí igi, mo tẹ̀ síwájú, mo gbá ìdì jíǹsì mú, mo fẹ́ yí i jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Nǹkan kan fà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi lápá ọ̀tún, níbi tí ẹ̀yìn ti pàdé ìbàdí. Mo balẹ̀ lórí orúnkún. Oníbàárà tí mò ń bá nájà lọ́wọ́ rò pé òun ni mò ń bẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde, mo ti fi igba náírà kún un."

Ìyá tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló mú mi délé. Ó fi gèlè dì mí níbàdí, ó ní kí n sùn, kí n má mira. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sùn, ẹ̀yìn mi sì ń le bíi pákó. Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó ń tajà nílẹ̀ tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, kí ló kù fún un? Àwọn kan tiẹ̀ ti ń wá wo àyè mi lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fẹ́ gbà á. Ìyá oníbàtà ní, "Mo ti da bàtà sí i, kí wọ́n lè rò pé ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà mi ò lè bá yín purọ́ títí o."

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo wọ́ ara mi dé ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú iṣan, ọmọ tí wọ́n bí sí Fẹ́sítákì níbí, bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi ń kú tipiri, bóyá ìtọ̀ ń jò láìmọ̀. Mo ní ẹnu mi nìkan ló ń jò. Ó tẹ̀ mí níhìn-ín, ó tẹ̀ mí lọ́hùn-ún, ó ní egungun kankan kò ṣẹ́. Iṣan tó so ẹ̀yìn mọ́ ìbàdí ló fà jù. Ó ní kí n ṣe bí ẹni ń gbé ẹrù fún òun. Bí mo ṣe tẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹsẹ̀ yín kàn dúró ń wòran. Ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́."

"Bí ilé ọkọ mi ṣe rí náà nìyẹn," ni mo wí.

Ó ní kí n tú gèlè, oorun ti tó, kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá fẹ́ gbé nǹkan, kí n tẹ orúnkún, kí n fà á mọ́ ikùn, kí n fi ẹsẹ̀ yí, kí n má fi ìbàdí yí. "Ẹ sì gbé ọjà yín kúrò nílẹ̀." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ lé orí búlọ́ọ̀kù bíi tábìlì, ó ga dé ìbàdí mi, mo sì kó aṣọ mi lé e.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó yà. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó pọ́ọ́kú. Tó bá ti gòkè, ó di ti olówó. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi pariwo láti òdìkejì títì: "Màmá ti di butíìkì! Amúlétutù dà?" Ìyá oníbàtà ní kí n dá ọjà padà sílẹ̀ kí ebi tó pa mí. Mo wo tápólì. Ká má parọ́, mo ti mú un lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì kan dúró. Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú mi kọjá lọ síbi iṣẹ́, kò bẹ̀rẹ̀ wo ọjà mi rí. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tí mo ti pè ní ẹgbẹ̀rún kan náírà títí nílẹ̀ kí n tó ṣàìsàn, tẹ́nikẹ́ni ò rà. "Àǹtí, èló ni?" Mo wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀. Mo fajú ro díẹ̀, kó má baà mọ̀ pé inú mi ń dùn, mo sì gbà.

Ìbàdí mi ṣì máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ogún ọdún ni mo fi gbà pé ẹ̀yìn tó ń dunni ni ẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́, pé bí mo bá nàró, ebi ni mò ń pè. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn kò yí padà, bọ́tìnì rẹ̀ kan tiẹ̀ ti já. Ohun tí ìnàró fi kún un ni ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà.